Ọwọ́ aago ni, kì í ṣe atọ́ka: èsì mi lórí ohun tí à ń pààrọ̀ lójú aago

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ẹnìkan láàrin wa fẹ́ kọ ìlànà ní Yorùbá fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń to aago ọwọ́ fúnra wọn, ó wá béèrè orúkọ tí a ó máa pe àwọn nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó ń yí lójú aago, àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ó máa lò nígbà tí a bá yọ ti àtijọ́ tí a fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Èsì ti pọ̀. Ẹnìkan ní "atọ́ka" ló yẹ, pé ẹ̀yìn Gẹ̀ẹ́sì, tó ń pè é ní "hand", la tọ̀ tí a fi ń pè é ní ọwọ́. Ẹlòmíràn tó ń gbé ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, dá "abẹ́rẹ́" lábàá, nítorí bí Faransé ṣe ń pè é nìyẹn. Ẹnì kẹta mú "ìka" wá. Ọwọ́ ni èmi fara mọ́, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, torí aago ni mo máa ń tò bí mo bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹni tó ní Gẹ̀ẹ́sì la tẹ̀lé ò tíì wo bí ọwọ́ ṣe ń ṣe nínú èdè tiwa. Kí aago tó dé ọ̀dọ̀ wa ni ọwọ́ àti àkókò ti ń rìn pọ̀. "Ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́" là ń wí, "ní ọwọ́ ìyálẹ̀ta" là ń wí. Bí a bá fẹ́ sọ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ ní ìsinsìnyí gan-an, a ó ní "mo ń jẹun lọ́wọ́". A ní "lọ́wọ́lọ́wọ́", a ní "ní ọwọ́ yìí". Bí Gẹ̀ẹ́sì náà bá wá rí ọwọ́ lójú aago, ìyẹn ò sọ ọ́ di tiwọn nìkan. Ojú ni a sì ń pe ibi tí àwọn nǹkan wọ̀nyí ti ń yí, kò sẹ́ni tó jiyàn ìyẹn. Ohun tó lójú ni a fún lọ́wọ́.

Atọ́ka kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mi ò fẹ́ ká fi ṣòfò. Lójú aago, àwọn àmì kan wà tí kì í kúrò lójú kan: onígun mẹ́ta tó wà níbi méjìlá, ìlà gbọọrọ tó wà níbi mẹ́ta, mẹ́fà àti mẹ́sàn-án, àti àwọn róbótó àárín wọn. Àwọn ló dúró tí wọ́n ń tọ́ka wákàtí fún wa. Bí a bá ti pe ohun tó ń yí ní atọ́ka, kí la ó wá pe àwọn wọ̀nyí? Ẹni tó ń to aago nílò orúkọ méjèèjì nínú gbólóhùn kan náà, torí ohun tó máa ń sọ jù ni pé "ọwọ́ wákàtí yìí ò dé ọ̀dọ̀ atọ́ka". Ẹ fi atọ́ka sílẹ̀ fún àwọn tó dúró.

Ní ti abẹ́rẹ́, ọwọ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ ọ́. Ọwọ́ wákàtí máa ń fẹ̀, òmíràn rí bí ewé, òmíràn ní róbótó nídìí ṣóńṣó rẹ̀. Ìka sì kéré sí i: ara ọwọ́ ni ìka wà, bí a bá sì ti pè é ní ìka, èèyàn á máa wá ọwọ́ tó so ó ró.

Àríyànjiyàn tó lágbára jù ni ti ẹni tó ní "ọwọ́ aago" yóò máa dà rú mọ́ "aago ọwọ́". Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n èdè wa ti ń ṣe irú èyí tipẹ́. Omi ojú kì í ṣe ojú omi. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò ní fi ọ̀kan pe ìkejì, torí pé orí ọ̀rọ̀ ló ń ṣíwájú nínú Yorùbá, ohun tó ń yán an ló ń tẹ̀lé e. Bí gbólóhùn bá gùn, ká kàn sọ ọwọ́ wo ni: ọwọ́ wákàtí, ọwọ́ ìṣẹ́jú, ọwọ́ àáyá. Ẹ̀yìn ìyẹn, a ò nílò "aago" mọ́ rárá.

Mo mọ̀ pé ọwọ́ àáyá máa mú àwọn kan rẹ́rìn-ín, nítorí ẹranko ni àáyá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti wá: ìṣẹ́jú ni ìgbà tí ojú fi ń ṣẹ́, wọ́n sì ní ojú àáyá máa ń ṣẹ́ kíákíá ju tèèyàn lọ, nítorí náà ni ìṣẹ́jú àáyá fi kéré sí ìṣẹ́jú. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà ṣe iṣẹ́ tó dáa. Kíké tí a bá ké e kúrú kò bà á jẹ́.

Ohun tó ń dà mí láàmú ju orúkọ lọ ni ọ̀rọ̀-ìṣe, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi ronú sí. Ìwé ìlànà tí a ń sọ yìí, gbogbo ojú ewé rẹ̀ ni yóò ti máa sọ pé kí a mú ọwọ́ yìí kí a gbé e síbí. Bí a bá kọ "fi ọwọ́ sí aago", òǹkàwé á rò pé ìwé ni wọ́n ní kó fọwọ́ sí. Bí a bá kọ "ki ọwọ́ bọ aago", á ti ìka tirẹ̀ bọ̀ ọ́. "So ọwọ́ mọ́ aago" sunwọ̀n díẹ̀, àmọ́ kò sí okùn níbẹ̀, kò sì sí ohun tí a so.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe rí gan-an. Láti àárín ojú aago ni àwọn òpó mẹ́ta ti yọrí, ọ̀kan nínú ìkejì. Èyí tó nípọn jù tó sì kúrú jù ló wà níta, òun ni òpó wákàtí. Òpó ìṣẹ́jú gba inú rẹ̀ kọjá, ó ga jù ú lọ. Òpó àáyá gba inú ìyẹn jáde, ó rí bí ṣóńṣó abẹ́rẹ́. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní ihò nídìí, a ó gbé ihò náà lé orí òpó tirẹ̀, a ó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ títí á fi dúró. Kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí ìṣó. Bí fìlà ṣe ń bo orí ni. Nítorí náà, "dé" ni mo dá lábàá: a ó dé ọwọ́ wákàtí lé òpó rẹ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ yọ ọ́, a ó ṣí i, bí a ṣe ń ṣí fìlà. Dé àti ṣí ti jẹ́ tọkọtaya lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ ọ̀kan ti mọ ìkejì. Ẹnìkan lè ní "ìwé náà dé ọwọ́ mi" wà, pé yóò kọlù ú. Kò lè kọlù ú bí a bá ń fi "lé" kún un, tí a sì ń dárúkọ ọwọ́ tó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ihò àti òpó yìí ló gbé wa dé ibi tí owó ti ń ṣòfò jù nínú yíyan ọwọ́. Ẹ́ńjìnnì ni ẹ̀rọ inú aago tó ń yí àwọn ọwọ́; NH35 tí ilé iṣẹ́ Seiko ti ilẹ̀ Japan ń ṣe wà lára èyí tí àwọn tó ń to aago fúnra wọn ń lò jù. Ihò ọwọ́ wákàtí rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1.50, ti ìṣẹ́jú jẹ́ 0.90, ti àáyá jẹ́ 0.20. Ẹ́ńjìnnì ETA 2824-2 ti ilẹ̀ Switzerland ń lo 1.50 àti 0.90 bákan náà, ṣùgbọ́n 0.25 ni ti àáyá. Ẹni tó bá ra ọwọ́ tí wọ́n ṣe fún ETA, tó fẹ́ dé e lé NH35, méjì á wọlé dáadáa, inú rẹ̀ á sì ti dùn. Nígbà tó bá kan ọwọ́ àáyá, òpó á kàn máa yí nínú ihò tó tóbi jù fún un, ọwọ́ ọ̀hún á rọ̀ sísàlẹ̀, á máa wo mẹ́fà. Mílímítà 0.05 péré ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn méjì nínú wa ti ń jiyàn lórí bóyá rẹ́gí ni ká lò níbí tàbí wẹ́kú, tí wọ́n ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Lẹ́nu ọjà, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ máa ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjì tó jọra pín iṣẹ́ ṣe, èyí sì jẹ́ àǹfààní fún wa. Mo dá a lábàá pé kí wẹ́kú jẹ́ ti ihò àti òpó: ọwọ́ tí ihò rẹ̀ bá òpó mu, tí kò há, tí kò sì dẹ̀, ó ṣe wẹ́kú. Kí rẹ́gí jẹ́ ti gígùn: ọwọ́ tí ṣóńṣó rẹ̀ dé ibi tó yẹ kó dé lójú aago, ó ṣe rẹ́gí.

Torí ọwọ́ lè ṣe wẹ́kú kó má ṣe rẹ́gí. Ojú aago tí àwọn èèyàn ń rà jù fún irú iṣẹ́ yìí, èyí tó bá aago Seiko tí wọ́n ń pè ní SKX007 mu, jẹ́ mílímítà 28.5 láti etí dé etí. Láti àárín dé etí á jẹ́ 14.25. Àárín ihò la ti ń wọn gígùn ọwọ́ dé ṣóńṣó. Ọwọ́ ìṣẹ́jú tó dáa yẹ kó kan àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó yí etí ojú aago ká, kó má kọjá wọn. Ọwọ́ wákàtí yẹ kó dúró ní ẹnu atọ́ka láìgun orí rẹ̀. Bí ọwọ́ ìṣẹ́jú bá kúrú, tó dúró sáàárín ojú, òǹwòye á máa fojú wá ìṣẹ́jú tó jẹ́, aago ọ̀hún á sì dà bí ohun tí a kò parí bó ti wù kó lówó lórí tó. Lójú tèmi, ìyẹn burú ju kí àwọ̀ má bára mu lọ.

Àwọ̀ náà ní tirẹ̀ o, pàápàá ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn. Nínú ọ̀dà Super-LumiNova, èyí tí wọ́n ń pè ní C3 máa ń tan àwọ̀ ewéko, BGW9 máa ń tan àwọ̀ ojú ọ̀run. Bí ti ọwọ́ bá jẹ́ C3, tí ti atọ́ka sì jẹ́ BGW9, ìyàtọ̀ wọn lè má hàn rárá ní ọ̀sán. Ẹ pa iná lálẹ́, kí ẹ wá wò ó: ọwọ́ ń tan bí ewé, atọ́ka ń tan bí ojú ọ̀run. Kí ẹ tó ra ọwọ́, ẹ béèrè ọ̀dà wo ló wà lára ojú aago yín.

Ní ti dídé gan-an, ẹ jẹ́ kí n fi àwọn ọ̀rọ̀ tí mo dá lábàá kọ ọ́, kí ẹ lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dún. Ẹ yí kókó ẹ̀gbẹ́ aago síwájú títí nọ́ńbà ọjọ́ á fi yí. Àárín òru nìyẹn. Ẹ fi ẹ̀mú mú ọwọ́ wákàtí, ẹ gbé e lé òpó rẹ̀ kó kọjú sí méjìlá, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dé e láìwo ọjọ́, ọjọ́ lè yí lọ́sàn-án gangan. Ẹ dé ọwọ́ ìṣẹ́jú lé e, kóun náà kọjú sí méjìlá, kí ẹ wá fi kókó yí ọwọ́ wákàtí lọ síbi mẹ́ta, mẹ́fà, mẹ́sàn-án, kí ẹ rí i pé nígbà tí ọwọ́ ìṣẹ́jú bá dé méjìlá, ọwọ́ wákàtí ń wo atọ́ka gan-an. Lẹ́yìn náà ni ti àáyá, òun ló gba sùúrù jù. Ihò rẹ̀ kéré débi pé láìsí awò tó ń mú nǹkan tóbi, ojú ò lè rí bóyá ó ti wà lórí òpó. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lé e, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Bó bá dúró fúnra rẹ̀ láìṣubú, ihò ti bá òpó pàdé. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lóòró, torí bí ọwọ́ náà bá wọ́ nígbà tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́, òpó á tẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ wá gbé aago sókè kó bá ojú yín dọ́gba, ẹ wo ó láti ẹ̀gbẹ́ bó ti ń yí: àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàrin ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, àlàfo sì gbọ́dọ̀ wà láàrin ọwọ́ àáyá àti dígí. Níbi tí ọwọ́ méjì bá ti fara kanra, aago á dúró.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣí wọn, ẹ tẹ́ ọ̀rá náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú aago kí ó má baà ha.

Orúkọ ìrísí ọwọ́ kò yẹ kó gba àkókò wa. Ọwọ́ ewé, ọwọ́ idà, ọwọ́ ọ̀pá, ìwọ̀nyí hàn sí gbogbo èèyàn. Ọwọ́ Breguet ni kí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí orúkọ ẹni tó ṣe é ni, Abraham-Louis Breguet, aṣaago tí wọ́n bí ní Neuchâtel lọ́dún 1747, tó ṣiṣẹ́ ní Paris. Ẹ jẹ́ kí a bọ̀wọ̀ fún oníṣẹ́.

Èyí tí mi ò tíì rí ìfohùnṣọ̀kan lé lórí ni ọwọ́ kẹrin. Ẹ́ńjìnnì NH34 ní ọwọ́ kan tó máa ń fi odidi wákàtí 24 yí ojú aago ká, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè mọ àkókò ibòmíràn. Ẹnìkan ti kọ "ọwọ́ ìdálẹ̀". Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Houston, àkókò Ìbàdàn ló fẹ́ fi wò, ilé ni ìyẹn fún un. Òbí rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, àkókò Houston lòun fẹ́ fi wò. Orúkọ kan náà ò lè jẹ́ ilé àti ìdálẹ̀ fún ẹ̀yà kan ṣoṣo. Bí ọwọ́ náà ṣe ń rìn ni ká fi sọ ọ́ lórúkọ, bí a ti ṣe fún àwọn mẹ́ta yòókù: ọwọ́ mẹ́rìnlélógún. Bí ẹ bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ tí kò sì ṣini lọ́nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí a tó fi ìwé ìlànà náà síta.