Re: "Jẹjẹrẹ ìdí"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjíròrò. "Jẹjẹrẹ ìdí" tí ẹ̀gbọ́n wa ní Iléṣà dá lábàá gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá, mi ò gbà á wọlé. "Ìdí" yẹn ló bà á jẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ní Ifẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí ló máa sọ sí i lọ́kàn, ọ̀dọ̀ alágbo ní Sábó ló sì máa yà sí. Ẹ̀jẹ̀ tí jẹjẹrẹ yìí náà ń mú bá ìgbẹ́ jáde a máa dá fúnra rẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá dá lẹ́yìn agbo, agbo ló máa gba ìyìn, nǹkan inú lọ́hùn-ún á máa gbèrú. Apá ọ̀tún ìfun ńlá sì jìnnà sí ìdí: jẹjẹrẹ ibẹ̀ lè máa ṣẹ̀jẹ̀ tí ojú ò ní rí i, àárẹ̀ àti àìtó ẹ̀jẹ̀ ló máa hàn. Ìdí wo lẹni náà fẹ́ yẹ̀ wò?

"Kókó" tí wọ́n pe polyp, ẹran kékeré tó ń hù lára ògiri inú ìfun, kò tọ̀nà. (Ẹni tí kì í kọ àmì ohùn, kòkó oko ni yóò kà á sí.) Kókó le; èyí rọ̀, òmíràn sì ní ọrùn bí olú. "Olú ìfun" ni tèmi. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń di jẹjẹrẹ, èyí tó bá sì máa dì í sábà ń gba bí ọdún 10. Dókítà tó fi ẹ̀rọ oníkámẹ́rà wo ìfun lè fi okùn wáyà gé e lójú ẹsẹ̀.

"Àyẹ̀wò ìgbẹ́" tí wọ́n pe FIT, èyí tó ń wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò rí nínú ìgbẹ́, ńkọ́? Aràn ni wọ́n á rò pé à ń wá. "Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìkọ̀kọ̀" ló yẹ FIT, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é. Ìgbẹ́ náà kò gbọdọ̀ kan omi tàbí ìtọ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ inú ìgò rẹ̀ la ó fi ha ojú rẹ̀ níbi mélòó kan, ká dé e pa, ká tètè gbé e dé láàbù, torí ooru ń ba ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́. Bí àyẹ̀wò náà bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ oníkámẹ́rà ló kàn; ẹ má tún un ṣe pé bóyá á yí padà. Ní Amẹ́ríkà, láti 2021, ẹni ọdún 45 ni wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ti ní jẹjẹrẹ yìí, ọdún 40 ni, tàbí ọdún 10 ṣáájú ọjọ́ orí tí wọ́n bá a lára ẹbí náà, èyí tó bá ṣáájú.

Èsì láti Iléṣà:

Àbúrò, "olú ìfun"? Olú ìlú, olú ìfun! Ìfun wo ló wá jẹ ọba lórí èkejì? "Ìfun ńlá" rẹ ti gbàgbé abala tó kángun sí ihò ìdí, ibi tí ìka dókítà tó wọ ìbọ̀wọ́ lè dé láìsí ẹ̀rọ kankan. Àwọn àgbà tó sọ jẹ̀díjẹ̀dí lórúkọ kò tijú ìdí. Èmi ṣì dúró lórí "ìdí". Ẹ̀jẹ̀ "ìkọ̀kọ̀" náà, ta ló fi í pamọ́? "Ẹ̀jẹ̀ àìrí" ni.