Báwo ni kí n ṣe kọ́ àwọn ọmọ ní "look for" àti "look after"?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS2, "look" sì ń dà wọ́n láàmú gan-an. "Look at" kò ṣòro, wíwò náà ni. Ṣùgbọ́n "look for" di wíwá, "look after" di títọ́jú, "look into" di wíwádìí! Ọmọ kan kọ "I am looking my pen". Òmíràn ní ìyá àgbà ló "look for" òun nígbà tí òun ń ṣàìsàn. Wọ́n lè há a sórí, àmọ́ bí ìdánwò bá ti parí, ó ti fò lọ nìyẹn. Ṣé kí n máa fi ìtàn kékeré kọ́ wọn ni, àbí kí n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan? Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ló ṣiṣẹ́ fún yín?