Íméèlì tí mo ti pa rẹ́ ló ṣì kún kọ̀ǹpútà mi

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní n'Íbàdàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi project wọn ránṣẹ́ sí wa lórí íméèlì, àwa á tẹ̀ ẹ́, a ó sì dì í. Thunderbird, ètò kan tó ń kó íméèlì sórí kọ̀ǹpútà, ni mo fi ń gba íméèlì ọ̀hún, torí bí dátà bá tán, iṣẹ́ oníbàárà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi project sílẹ̀ ni kọ̀ǹpútà kọ̀, kò gba fáìlì mọ́. Mo wo dísìkì: nínú 120GB, èyí tó ṣẹ́kù kò tó 1GB. Mo jókòó ti íméèlì àtijọ́, mò ń pa wọ́n rẹ́ fún bíi wákàtí méjì, mo sì kó gbogbo ohun tó wà nínú Trash dànù. Nígbà tí mo tún wo dísìkì, bó ṣe wà náà ló wà. Àyà mi já. Iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ti sanwó.

Mo pe àbúrò mi kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ṣí fódà Profiles, níbi tí Thunderbird ń kó íméèlì pamọ́ sí, ibẹ̀ la ti rí fáìlì kan tó ń jẹ́ Inbox: 38GB! Bẹ́ẹ̀, íméèlì tí mò ń rí nínú Inbox náà kò pé 400.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbálẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì da ilẹ̀ nù."

Ó ní fáìlì kan ṣoṣo ni Thunderbird ń to gbogbo íméèlì inú fódà kan sí, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, àfi bí èèyàn bá yí i padà. Mbox ni wọ́n ń pè é. Èyí tí a bá pa rẹ́, àmì lásán ni wọ́n fi sí i pé kò sí mọ́. Ó ṣì wà níbẹ̀, ó ń gbàyè. Compact, àṣẹ kan nínú Thunderbird, ló máa ń kọ èyí tó kù sínú fáìlì tuntun, tí á wá ju ògbólógbòó nù. Ó ti pẹ́ tí Thunderbird ti ń bi mí bóyá kí ó ṣe é. Oníbàárà máa ń dúró lórí mi, Cancel ni mo sì ń tẹ̀.

Fáìlì tí wọ́n so mọ́ íméèlì tún máa ń wú, torí wọ́n ń sọ ọ́ di lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì àti àwọn àmì kó tó lè gba ọ̀nà íméèlì kọjá. Project 9MB á gba nǹkan bíi 12MB.

Ibi tó ti le ni pé Compact fúnra rẹ̀ ń fẹ́ àyè tí yóò kọ fáìlì tuntun sí, kò sì sí àyè. A kó iṣẹ́ inú Downloads lọ sórí dísìkì tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà. A ti Thunderbird pa, a da odindi Profiles kọ síbẹ̀ pẹ̀lú. Àbúrò mi ò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan Compact àfi ìgbà tí bátìrì kún, torí bí iná bá lọ lágbedeméjì, fáìlì lè bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí ṣeré. Ẹni tó bá ń lo IMAP, ìyẹn ọ̀nà tó ń mú kí íméèlì orí kọ̀ǹpútà bá ti orí sáfà (kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ íméèlì) mu, náà kó rọra: èyí tó bá pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, yóò lọ lórí sáfà pẹ̀lú.

Nígbà tó parí, 38GB ti di 9GB. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a tẹ project ọmọ 11. Ẹni tó kẹ́yìn wá gba tirẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ó sì gba iléèwé lọ.