Èmi àti màámi ní Àgbádárìgì

Ìyá Ìbùkún:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ní kí ẹni tó bá ti rìn dé ìlú tí àwọn míṣọ́nárì kọ́kọ́ fi ṣe ibùdó wá sọ ohun tójú rẹ̀ rí. Àgbádárìgì ni tèmi, èmi àti màámi la sì jọ lọ. Mo ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ iléèwé, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú àwọn ará ibi iṣẹ́ wa. Ìgbà méjèèjì la sáré yíká bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Ìgbà kẹta yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ìlú náà.

Màámi ti pé ọdún 78. Inú ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n bí wọn sí, wọn kì í sì í sùn láìka Bíbélì. Ẹ̀yìn Bíbélì yẹn ti já, òwú dúdú ni wọ́n fi gán an pọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé kí ojú àwọn tó di bàìbàì, àwọn fẹ́ fi kan ilé tí Bíṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther gbé.

Mílé 2 la ti wọkọ̀ láàárọ̀ Sátidé kan. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn, ẹni tó bá ti gbà á kò nílò àlàyé. Ẹ ṣáà tètè jáde nílé, kí ẹ gbé omi dání.

Ibi igi Agia la kọ́kọ́ yà sí. Igi ọ̀hún ti wó láti ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 1959, ohun ìrántí tí wọ́n mọ síbẹ̀ ló kù. Abẹ́ igi yẹn ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti wàásù ní 1842. Ènìyàn dúdú ni bàbá Freeman, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ló gúnlẹ̀, ó lọ kí Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ní Abẹ́òkúta, ìgbà tó padà dé Àgbádárìgì ló bá Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nárì ìjọ Áńgílíkà, níbẹ̀, wọ́n sì jọ ṣe Kérésìmesì ọdún náà. Ẹni tó ń mú wa káàkiri ka gbogbo èyí geere, ó ti ń gbẹ́sẹ̀ àtilọ nígbà tí màámi bi í pé, “Ọmọ mi, ta ló ránṣẹ́ pè wọ́n?”

Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Sàró ló pè wọ́n. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti kó sínú ọkọ̀ ẹrú, tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n kó lọ sí Freetown. Nígbà tí ọwọ́ wọn ròkè díẹ̀, wọ́n ra ọkọ̀, wọ́n ń gba Àgbádárìgì padà sílé. Àwọn ló kọ lẹ́tà pé kí wọ́n fi oníwàásù ránṣẹ́ sí àwọn. Ó máa ń dùn mí tí a bá sọ ìtàn yìí bíi pé òyìnbó kan ló ṣàdédé yọ létí omi tòun ti Bíbélì lọ́wọ́. Ọmọ onílé ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Láti ibẹ̀ la rìn dé ilé Ṣẹ́ríkí Williams Abass. Ọmọ Jóga-Orílé nílẹ̀ Yewa ni, wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré, òun náà sì wá di ẹni tó ń ta ènìyàn. Yàrá 40 ni wọ́n ní wọ́n fi ń tọ́jú ẹrú nínú ọgbà yẹn. Mo wọ ọ̀kan. Màámi kò wọlé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n na ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn sínú yàrá náà, wọ́n fi kan ògiri apá ọ̀tún, wọ́n fi kan ti òsì, láìgbé ẹsẹ̀ kúrò lójú kan. Wọ́n fa ọ̀pá wọn jáde, a sì ń lọ. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé etí ọ̀sà.

Ibẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn CMS tí màámi fẹ́ fojú kàn wà, ní Marina, ó kọjú sí omi. 1845 ni wọ́n parí rẹ̀, òun sì ni wọ́n ń pè ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbọ́ kò ju iye fèrèsé rẹ̀ lọ àti ibi tí pákó rẹ̀ ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá débẹ̀, ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fún yín láyè díẹ̀, kí ẹ jókòó.

Ohun tí mo sọ fún màámi níbẹ̀ nìyí. Oṣù Kìíní ọdún 1845 ni míṣọ́nárì CMS mẹ́ta, Àjàyí tí òun náà jẹ́ Sàró, Townsend àti Gollmer, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé Ṣódẹkẹ́, ẹni tí ì bá gbà wọ́n lálejò, ti papò dà. Ogun tún wà lójú ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe há síbẹ̀ nìyẹn fún nǹkan bí oṣù 18. Òwò ẹrú kò tíì parí létí òkun yìí nígbà náà o. Àjàyí tí wọ́n ti tà rí wá ń gbé ìlú tí wọ́n ti ń ta ènìyàn, ó ń wàásù, ó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá ọ̀rọ̀ Bíbélì mu. Ní 1850 ni Ìwé Róòmù tó túmọ̀ jáde. Ó di 1884 kí odindi Bíbélì tó wà lédè wa.

1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn, tòun ti ìyá rẹ̀, tí wọ́n sì tú wọn ká. Ní gbogbo oṣù tó fi ń wo ọ̀sà yẹn, itòsí Abẹ́òkúta ni ìyá ọ̀hún wà láàyè, kò mọ̀. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n fojú kanra. Nígbà tí ìyá náà máa ṣèrìbọmi ní 1848, Hánnà ni orúkọ tí wọ́n fún un.

“Hánnà!” Màámi gbá àyà mú. “Hánnà, ìyá Sámúẹ́lì!”

Wọ́n ṣí báàgì, wọ́n yọ Bíbélì wọn, wọ́n sì jókòó ka orí kìíní Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní látòkè délẹ̀, ketekete. Ẹni tó ń mú wa káàkiri náà wá ibì kan jókòó sí.

Ọmọ Ajárá:

Ẹ kú àbọ̀ mà, ẹ bá wa kí màmá. Ọmọ Ògù ni mí, ìlú wa lẹ dé yẹn, ohun tẹ́ ẹ sọ sì wú mi lórí. Mo kàn fẹ́ fi ẹyọ kan kún un. Ògù là ń sọ nílé wa, Yorùbá ni Àjàyí fi ń wàásù. Àwọn Sàró àtàwọn Yorùbá tó wà nílùú ló ń gbọ́ ọ yé. Nínú àwọn ará wa, ìwọ̀nba ló tẹ̀ lé CMS. Ní 1846 tí ọ̀nà là, Townsend àti Àjàyí lọ sí Abẹ́òkúta. Gollmer dúró, òun náà ṣí lọ sí Èkó ní 1852, lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìbọn lé Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, kúrò níbẹ̀. Ó máa ń ká wa lára tí àlejò bá sọ̀rọ̀ ìlú wa bí èbúté lásán. A ní ọba, a ní Zangbeto, eégún wa tó ń ṣọ́ ìlú lóru, a ní èdè. Ẹ padà wá, ẹ sun ọjọ́ méjì, kí àwọn àgbà wa sọ tiwọn fún yín.

Ìyá Ìbùkún:

Ẹ ṣeun gan-an ni. A kò béèrè ọ̀rọ̀ Ògù rárá lọ́jọ́ náà, àbùkù sì ni. A ó padà wá.

Ìyá Àgbà Ìjẹ̀bú:

Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Orúnkún ló ń dà mí láàmú. Ṣé màmá rí àtẹ̀gùn yẹn gùn?

Ìyá Ìbùkún:

Wọ́n gùn ún, mà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n dúró mí, èmi wà lẹ́yìn wọn. Ẹ di irin ìdìmú rẹ̀ mú dáadáa, kí ẹ sì bọ́ bàtà.