Báwo ni ìjọ ṣe lè ran ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ láìdójú tì í?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọkùnrin, Adó-Èkìtì

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Nínú ìjọ wa, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn mélòó kan lọ́dún yìí, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹgbẹ́ wa ti fẹnu kò pé kí a máa yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù nínú owó ẹgbẹ́ láti fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, alága wa ní kí gbogbo ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ jáde síwájú, kí a gbàdúrà fún wọn, kí a sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ nìkan ló jáde. Bàbá kan tí gbogbo wa mọ̀ pé wọ́n ti dá dúró kò mira níbi tó jókòó sí. Ó ń ṣí ìwé orin rẹ̀ lọ, ó ń ṣí i bọ̀, títí a fi ṣe àmín. Owó wà nílẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n a kò rí ẹni tí a ó fún. Ọ̀nà wo ni kí a gbà?

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Akọ̀wé, ẹ kú ìsapá, ẹ má sì bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ kò lè pe olórí ilé jáde níṣojú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, níṣojú àwọn àna rẹ̀ pẹ̀lú (ta ni kì í bá àna rẹ̀ pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkìtì wa yìí?), kí ẹ sì retí pé yóò dìde. Kí alága fúnra rẹ̀ lọ bẹ bàbá náà wò nílé ní ìrọ̀lẹ́, òun àti ẹnì kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má sì gbé ìrẹsì dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yẹ ìwé owó ìkórè yín wò. Ní ìjọ tó pọ̀, wọ́n máa ń ka orúkọ àwọn tí kò tíì san owó tí wọ́n bù fún wọn sétí gbogbo ènìyàn, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tí kò gba owó oṣù mọ́ fi máa ń sá bí ìkórè bá ti ń sún mọ́lé. Ẹ yọ irú wọn kúrò nínú ìwé náà fún sáà kan, láìkéde. Lójú tèmi, ìrànlọ́wọ́ yẹn ju àpò ìrẹsì lọ.

Alàgbà kan, Ìjerò-Èkìtì

Mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún àwọn ará Tẹsalóníkà nípa ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ti ìjọ kan bọ́ sí òmíràn nítorí ohun tí wọn yóò rí gbà.

Òṣìṣẹ́-tẹ́lẹ̀, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Bàbá, ìkìlọ̀ yẹn kò kan ẹni tó ń gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ káàkiri láti òwúrọ̀. Mo ti wà nípò náà rí, ohun kan sì wà tí n kò gbọ́ nínú ìjọ kankan nígbà náà. Bí ibi iṣẹ́ ẹni tí wọ́n dá dúró bá ti ń yọ owó ìfẹ̀yìntì lára owó oṣù rẹ̀, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 fún un láyè láti gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀, bí oṣù 4 bá ti kọjá tí kò sì tíì rí iṣẹ́ mìíràn. Kí ó tọ ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà lọ pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n fi dá a dúró, nítorí náà kí ó má ṣe fi ìbínú fa lẹ́tà náà ya. Oṣù 4 yẹn gan-an ni ìyà máa ń pọ̀ jù, òun ni mo sì rò pé kí ẹgbẹ́ yín fi owó tó wà nílẹ̀ yẹn gbé e kọjá.

Ẹ fi iṣẹ́ kún owó náà. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe àáró lóko ni: lónìí oko tìrẹ, lọ́la oko tèmi, kò sì sẹ́ni tó ń pe ara rẹ̀ ní alágbe níbẹ̀. Ẹ ní kí olùkọ́ tí kò níṣẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC àti JAMB nínú gbọ̀ngàn ìjọ ní ọ̀sán, kí àwọn òbí máa san owó fún un, kí ìjọ má sì gba kọ́bọ̀ lórí gbọ̀ngàn náà.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ọkùnrin, Adó-Èkìtì

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ta wá ni kí ó máa tọ́jú ìwé orúkọ? Bí ó bá wà lọ́wọ́ alága, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò mọ̀. Bí ó bá sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, wọn yóò ní ojúsàájú wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ̀sùn ojúsàájú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6, àwọn tó ń sọ èdè Gíríìkì kùn pé wọ́n ń fo àwọn opó wọn nínú ìpínfúnni ojoojúmọ́, ìjọ sì yan ènìyàn 7 tí a jẹ́rìí ìwà wọn láti bójú tó o. Ẹ̀yin kò nílò tó 7. Ẹ yan mẹ́ta, kí obìnrin wà nínú wọn, kí alága àti pásítọ̀ má sí níbẹ̀. Bí oṣù bá parí, kí wọ́n sọ iye ìdílé tí wọ́n ràn lọ́wọ́ àti iye tí wọ́n ná, kí ẹni tó ń yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ wò rí orúkọ, kí ó sì pa á mọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìpàdé, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ san owó ẹgbẹ́ tirẹ̀ tó wà nílẹ̀.