Kalkan létí òkun Tọ́kì: ẹ bèèrè àtẹ̀gùn kí ẹ tó sanwó ilé

Kalkan kò tẹ́jú. Ẹni tó bá ti di èyí mú ti bọ́ nínú ìdajì wàhálà ibẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni wọ́n kọ́ ìlú náà sí, láti etí èbúté títí dé títì D400 lókè. Abúlé àwọn Gíríìkì ni tẹ́lẹ̀, Kalamaki ni wọ́n ń pè é. Èédú, igi àti epo ólífì ni ọkọ̀ ojú omi ń wá kó níbẹ̀. Àdúgbò kan ṣì ń jẹ́ Kömürlük títí di òní, ìyẹn ibi ìkó-èédú-sí. Nígbà tí Tọ́kì àti Gíríìkì ṣe pàṣípààrọ̀ àwọn ènìyàn wọn ní 1923, àwọn Gíríìkì ibẹ̀ kó lọ, ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó wà létí èbúté sì ti di mọ́ṣáláṣí. Àfi ìgbà tí títì etíkun dé ni ibẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí sáyé. Àwọn ará Bìrìtìkó ló pọ̀ jù nínú àlejò ibẹ̀ báyìí, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù náà fi ń gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Bí ìpolówó bá ní ilé kan kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí etí òkun, ti àtisọ̀kalẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Àtigùn padà lóṣù kẹjọ, tí oòrùn ń ta, tí ọmọ wà lẹ́yìn, tí omi rírà wà lọ́wọ́, lè gbà tó ìlọ́po méjì. Ẹ bi onílé: ṣé òkè títì D400 ni ilé wà àbí ìsàlẹ̀ rẹ̀? Àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti géètì dé yàrá? Ṣé takisí lè dé ẹnu ọ̀nà? Àdúgbò Kalamar àti Kışla parọ́rọ́, ojú òkun sì dára níbẹ̀, ṣùgbọ́n takisí lẹ máa wọ̀ lálaalẹ́ bí ẹ bá fẹ́ jẹun ní èbúté. Bí ẹ bá ń mú ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn lọ, ẹ gba ilé tó sún mọ́ èbúté fún wọn, kódà bí kò bá ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́.

—

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìwé àṣẹ kún un. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ilé tí wọ́n bá ń fi gba arìnrìn-àjò fún 100 ọjọ́ tàbí kó dín gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba, kí pátákó àṣẹ náà sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Onílé tó bá ní kí ẹ sọ pé ọ̀rẹ́ òun ni yín, ẹ sá fún un. Bí wọ́n bá ti ilé náà pa, ẹ̀yin lẹ máa gbé ẹrù kiri ìlú tí gbogbo yàrá rẹ̀ ti kún. Èyí tó tẹ̀lé òfin yóò gba nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù yín láti fi ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá. Ìyẹn kò yẹ kó já yín láyà.

Bí ẹ bá ń gbowó, tí ẹ̀rọ ATM bá bi yín bóyá kó ṣírò rẹ̀ ní pọ́n-ùn tàbí ní lira, lira ni kí ẹ tẹ̀. Tí ẹ bá tẹ pọ́n-ùn, iye tó wu báǹkì tó ni ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n máa fi ṣẹ́ ẹ.

—

Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ omi o. Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà létí òkun ìlú, kì í ṣe yanrìn. Orí pákó tí wọ́n tò sára àpáta ni ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ń to àga sí wà, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbé àlejò lọ síbẹ̀ láti èbúté. Àkàbà irin lẹ máa fi wọ omi níbẹ̀, ẹsẹ̀ kò sì ní tẹlẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìwẹ̀ kó má lọ, kó dúró sí etí òkun ìlú, kó sì tọ́jú ọmọ síbẹ̀. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, nítorí ohun dúdú ẹlẹ́gùn-ún kan máa ń lẹ̀ mọ́ àpáta. Bí ẹ̀gún rẹ̀ bá kán sínú ẹsẹ̀, yíyọ rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ ó tún ṣàkíyèsí pé omi lè ṣàdédé tutù bíi ti fìríìjì. Omi ìsun ló ń jáde lábẹ́ àpáta sínú òkun. Kò ní iyọ̀, nítorí náà ó fúyẹ́ ju omi òkun lọ, ó sì ń léfòó: àyà á tutù, ẹsẹ̀ á sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, omi a máa rí bàìbàì bí ẹni da epo sí i.

—

Yanrìn lẹ ń wá? Patara ni kí ẹ lọ, etíkun rẹ̀ gùn tó kìlómítà 18. Àárín àwókù ìlú àtijọ́ àwọn ará Likia lẹ máa gbà kọjá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n máa ń tì í lálẹ́, torí ìjàpá inú òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má ṣe ri òpó agbòòrùn mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n bá sàmì sí. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni ẹyin wà. Lọ́sàn-án yanrìn ń jóni lẹ́sẹ̀, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ á máa fọ́n ọn síni lójú, nítorí náà òwúrọ̀ ló dára jù.

Etíkun Kaputaş ló sún mọ́ Kalkan jù ú lọ, bíi kìlómítà 7. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 180 láti ojú títì, àyè ìgbọ́kọ̀sí kò sì tó nǹkan. Ẹni tí kò bá dé kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ẹ̀gbẹ́ títì ló máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí, ní ibi tí ọ̀nà ti yí kọ́rọ́.

Dolmuş ló ń lọ síbẹ̀, bíi dánfó tiwa. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ náà ni pé ó ti kún. Bí ẹ bá fẹ́ bọ́lẹ̀, ẹ ké sí dírẹ́bà pé "inecek var". Láti pápákọ̀ Dalaman sí Kalkan tó bíi kìlómítà 120. Ẹni tí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ bá balẹ̀ lọ́sàn-án lè wọ bọ́ọ̀sì dé Fethiye, kó tún wọ dolmuş níbẹ̀. Ẹni tó bá balẹ̀ lóru ní láti ti háyà ọkọ̀ sílẹ̀ kó tó kúrò nílé, torí dolmuş kì í ṣiṣẹ́ mọ́jú.