Fọ́tò àti ohun ìrántí àwọn òṣèré àtijọ́ tí ó wà nílé yín: ẹ wá sọ ìtàn wọn

Ọmọ Ògáńlá, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu, Sábẹ̀ àti gbogbo agbègbè. Mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó kù lọ́wọ́ wa láti ìgbà tí eré orí ìtàgé, sìnímá àti orin máa ń kó gbogbo àdúgbò jọ: fọ́tò òṣèré, ìwé ìpolówó, tíkẹ́ẹ̀tì, àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ohunkóhun tí ẹ bá ṣáà ní. Báwo ni ó ṣe dé ọwọ́ yín?

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú. Nígbà tí a ṣí àpótí ìyá mi lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, a bá ìdì ìwé ìròyìn Atọ́ka kan lábẹ́ àwọn aṣọ òfì rẹ̀, òórùn káńfọ̀ sì ti wọ̀ ọ́ lára. Èkó ni wọ́n ti ń tẹ Atọ́ka láti 1967. Wọn a máa ya eré àwọn ẹgbẹ́ òṣèré ní fọ́tò, wọn a tò ó tẹ̀lé ara wọn, wọn a sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Èdè Faransé nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ nígbà náà. Ìyá mi, tí kò jókòó sí kíláàsì rí, ni ó máa ń pè mí lálẹ́ pé kí n wá ka Atọ́ka sí òun létí. Bí mo bá pe ọ̀rọ̀ kan lódì, òun ni ó ń tọ́ mi sọ́nà, nítorí ó mọ bí òṣèré náà ṣe máa ń sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ Yorùbá kà. Nínú ọ̀kan lára wọn, Baba Sálà gbé aago ńlá kọ́ ọrùn, ẹnì kan ti fi báírò pupa kun ètè obìnrin tí ó dúró tì í, ẹni tí ó ta ìwé náà sì kọ iye rẹ̀ ní fráǹkì sí etí ojú ewé àkọ́kọ́.

Àdùkẹ́ Ouando

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ta ẹyọ kan nínú wọn.

Ará Sábẹ̀

Ọ̀rọ̀ yín mú mi rántí àbúrò bàbá mi, ẹni tí gbogbo àdúgbò wa mọ̀ sí Onísìnímá. Ó ní ẹ̀rọ tí ó fi ń ju àwòrán sí ara aṣọ funfun tí wọ́n so sáàárín igi máńgòrò méjì, ó sì ní jẹnẹrétọ̀ kan tí ariwo rẹ̀ máa ń bo ohùn àwọn òṣèré mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti Kútọnu lọ sí Parakou ni ó ń bá a gbé agolo fíìmù wá, bí ọkọ̀ bá sì pẹ́ dé, àwa ọmọdé á jókòó sí ibùdó ọkọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Fíìmù Íńdíà àti ti àwọn ará Amẹ́ríkà tí ń gun ẹṣin ni a máa ń wò, nítorí kò tíì sí fíìmù ńlá tí wọ́n fi Yorùbá ṣe kí Ọlá Balógun tó gbé Àjàní Ògún jáde ní 1976, tí Adé Love sì kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀. Nígbà tí fíìmù Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ìyá àgbà tí kì í jáde lálẹ́ gbé àpótí ìjókòó wọn wá, wọ́n sì ń dá òṣèré lóhùn láti ìdí igi.

Ohun tí ó kù lónìí kò pọ̀: ìwé ìpolówó kan tí ó ti ya ní ibi tí wọ́n ti ká a, àti agolo fíìmù kan. Nígbà tí mo ṣí agolo náà, òórùn kíkan kan gba gbogbo yàrá, fíìmù náà sì ti lọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ó dùn mí gidigidi, nítorí kò sí ẹni tí ó lè sọ fún mi mọ́ irú fíìmù tí ó jẹ́.

Ayàwòrán Àjàṣẹ́

Àbúrò, ike tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà ni ó ń jẹrà, òun ni ó ń tú òórùn bí ọtí kíkan jáde. Ẹ tètè gbé agolo náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fíìmù mìíràn, nítorí èéfín yẹn yóò ba àwọn náà jẹ́. Ibi tútù tí kò ní ọ̀rinrin ni kí ẹ gbé e sí, ẹ má sì fi agbára tú u.

Ọmọ Ìgólò

Àwa tí a wà létí ààlà kò ní Atọ́ka, kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni tiwa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ọ̀run Móoru ti Baba Sálà, tí wọ́n fi ọwọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí ara kásẹ́ẹ̀tì náà. Ṣé irú èyí náà jẹ́ ohun ìrántí?

Olùkọ́ Àgbà

Ohun ìrántí ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. 1982 ni fíìmù yẹn jáde, àwọn tí ó jí i dà kọ ni ó sì kó Móses Ọláìyá, ìyẹn Baba Sálà fúnra rẹ̀, sínú gbèsè, nítorí kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú ti gba ìgboro kí ó tó rí owó tí ó ná padà. Ó ṣeé ṣe kí kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀gbọ́n yín ní jẹ́ ọ̀kan lára èyí tí ó jẹ baba náà ní ìyà.

Ọmọ Ìgólò

Ẹ̀gbọ́n mi fi owó rẹ̀ rà á lọ́jà ni, Olùkọ́. Ní ìgbà yẹn, ta ni ó ń ta ojúlówó fún wa ní ìhà ibí? Bí kì í bá ṣe kásẹ́ẹ̀tì yẹn, àwọn ọmọ wa ìbá má mọ Baba Sálà rárá.

Àdùkẹ́ Ouando

Òtítọ́ ni ẹ̀yin méjèèjì sọ. Baba Sálà kú ní 2018, ẹ jẹ́ kí a tọ́jú èyí tí ó kù.

Ìyá Ìbejì, Kétu

Nílé wa, fọ́tò bàbá bàbá mi ni a ní, ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ó sì fi jẹ́ gbajúmọ̀. Ó jókòó sórí àga ní ilé ayàwòrán, aṣọ tí wọ́n ya ọkọ̀ òfuurufú sí wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rẹ̀ lé orúnkún. Lórí ère náà, wọ́n gbẹ́ obìnrin tí ó tẹ̀ síwájú níbi tí ó ti ń fi ẹ̀rọ ránṣọ. Ènìyàn lè rí ìka ọwọ́ rẹ̀ lórí aṣọ àti kẹ̀kẹ́ kékeré ẹ̀rọ náà. Ṣaworo irin wà ní ọrùn ẹsẹ̀ bàbá mi àgbà, eruku ijó sì wà lára wọn síbẹ̀, tí ó fi hàn pé láti ojú agbo ni ó ti lọ tààrà sọ́dọ̀ ayàwòrán. Àwọn àgbà wa ní ojú tí ó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ìran tí ojú wọn rí ni fọ́tò yìí fi sílẹ̀ fún àwa tí a kò tíì bí nígbà náà.

Alájì Ìta-Ọjà

Ẹ má bínú, Ìyá Ìbejì. Kò yẹ kí a máa fi ojú ẹni tí ó gbé eégún hàn fún gbogbo ayé. Àṣírí ni.

Ìyá Ìbejì, Kétu

Alájì, ẹ kú ìtọ́jú àṣà, ṣùgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe Eégún. Ará ọ̀run ni Eégún, a kì í sì í wádìí ẹni tí ó wà lábẹ́ aṣọ. Ní ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, gbogbo ìlú ni ó mọ ẹni tí ń jó. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó bo ojú rẹ̀, a sì ń fi orúkọ yìn ín bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá bá ìlù mu. Àwọn ìyá wa ni a fi ń yẹ́ sí, pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ lóru àti ijó lọ́sàn-án. UNESCO pàápàá kéde rẹ̀ ní 2001 pé ohun àjogúnbá fún gbogbo ayé ni, òun sì ni ohun tí Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò jọ ni. Kí ni a ó wá fi ojú bàbá mi àgbà pamọ́ fún?

Alájì Ìta-Ọjà

Mo gbọ́ ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní fọ́tò ti Eégún níbí, kí ó fi í sílé.

Ọmọ Pọ̀bẹ́

Ẹ má gbàgbé Pascal Abikanlou, ọmọ ìlú wa. Òun ni ó ṣe fíìmù ńlá àkọ́kọ́ ilẹ̀ wa ní 1974, nígbà tí a ṣì ń jẹ́ Dàhòmì.

Bọ́lá Àjàṣẹ́

Èmi ní èyí tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bàbá mi ya fọ́tò pẹ̀lú Hubert Ògúndé, ọ̀gá àwọn òṣèré orí ìtàgé, níbí ní Àjàṣẹ́! Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù àwọn òṣèré, ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé èjìká bàbá mi. Ẹ wo fọ́tò náà tí mo fi síbí.

Ọmọ Ìgólò

Háà! Ògúndé fúnra rẹ̀?

Olùkọ́ Àgbà

Bọ́lá, ọmọ mi, mo wò ó dáadáa, ọkàn mi kò gbà á. Wọ́n bí Ògúndé ní 1916 ní Òsósà, ọlọ́pàá ni kí ó tó dá ẹgbẹ́ eré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ó sì kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1990. Fọ́tò yín jẹ́ aláwọ̀, ó sì ti pọ́n káàkiri, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ fọ́tò tí wọ́n tẹ̀ ní nǹkan bí 1970 sí 1980 ṣe máa ń rí. Ògúndé á ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Ọkùnrin tí ó wà níbẹ̀ kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ.

Bọ́lá Àjàṣẹ́

Bàbá mi kì í parọ́, sà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún wa pé ti Ògúndé ni.

Ayàwòrán Àjàṣẹ́

Òótọ́ ni ohun tí Olùkọ́ sọ nípa àwọ̀ náà. Àwọ̀ tí ó jọ aró ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ ṣá nínú fọ́tò ìgbà yẹn, pupa ni yóò wá borí. Fọ́tò dúdú-àti-funfun tí wọ́n fọ̀ dáadáa máa ń pẹ́ jù ú lọ. Ẹ lọ wo iṣẹ́ Joseph Moïse Agbodjelou, àgbà nínú àwọn ayàwòrán Àjàṣẹ́, ẹ ó rí bí ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ṣe mọ́ tó. Bọ́lá, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn fọ́tò náà. Ibẹ̀ ni ayàwòrán ń lu òǹtẹ̀ sí.

Àdùkẹ́ Ouando

Obìnrin tí ó dúró lápá òsì ńkọ́? Ògúndé fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tí ń bá a ṣeré. Ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Bọ́lá Àjàṣẹ́

Inú férémù onígíláàsì ni ó wà, ó sì ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ẹnì kan tilẹ̀ wá láti Kútọnu ní ọdún tó kọjá tí ó fẹ́ rà á pẹ̀lú férémù rẹ̀, owó tí ó dá lé e kò kéré.

Ará Sábẹ̀

Irú wọn dé Sábẹ̀ náà! Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń ra fọ́tò àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn opó.

Alájì Ìta-Ọjà

Ẹni tí ebi ń pa kò ní ohun tí yóò fi fọ́tò ṣe. Ẹ má dá opó lẹ́bi.

Ọmọ Ògáńlá, Àjàṣẹ́

Opó kọ́ ni mo dá lẹ́bi, Alájì, àwa ọmọ ni. Bí a bá ya ẹ̀dà rẹ̀, tí a sì kọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó tà á, ìdajì àdánù náà á fúyẹ́. Ní 1930, àlùfáà Francis Aupiais, tí ó ti gbé Àjàṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, àti Frédéric Gadmer ya fíìmù àti fọ́tò aláwọ̀ káàkiri ilẹ̀ wa fún Albert Kahn, ọlọ́rọ̀ ará Faransé kan. Wọ́n wà ní ilé ọnà tí ń jẹ́ orúkọ Kahn ní Boulogne-Billancourt, lẹ́bàá Paris, títí di òní. Mo dúpẹ́ pé wọn kò ṣègbé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń jó nínú wọn, ọmọ ilé ta ni wọ́n? Ní Àjàṣẹ́ níbí ni ó yẹ kí ìdáhùn yẹn wà, àwọn tí ó lè dáhùn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Kétu

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń wá. Mo ti fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ bàbá bàbá mi àti ti agbẹ́gilére sí ẹ̀yìn tiwa.

Ọmọ Ìgólò

Kí ni ìwúlò ìyẹn nígbà tí fóònù wà? Ẹ yà á, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù, ó tán.

Ayàwòrán Àjàṣẹ́

Fóònù máa ń sọnù, ó máa ń jábọ́ sómi. Ẹ ṣe méjèèjì. Pẹ́ńsùlù ni ó dára, kí ẹ sì kọ ọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí etí ẹ̀yìn rẹ̀. Yíǹkì báírò máa ń là á já bọ́ sí iwájú. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi ọ̀rá gbígbóná bo fọ́tò bí wọ́n ṣe ń bo káàdì ìdánimọ̀. Ẹni bá ti ṣe é kò lè tú u mọ́. Ní ti èyí tí ó lẹ̀ mọ́ gíláàsì, Bọ́lá, ẹ má ṣe fà á o. Ẹ yọ pátákó ẹ̀yìn férémù nìkan.

Bọ́lá Àjàṣẹ́

Mo ti yọ ọ́. Kò sí òǹtẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá mi wà níbẹ̀: «Èmi àti onílù Ògúndé, Àjàṣẹ́.» Ẹ rí i pé wọn kò parọ́.

Olùkọ́ Àgbà

Wọn kò parọ́ rárá, ọmọ mi. Èyí tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n ju fọ́tò Ògúndé lọ, nítorí ojú ọ̀gá wà nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ta ni ó ń ya àwọn onílù?

Àdùkẹ́ Ouando

Ṣé wọ́n kọ orúkọ onílù náà?

Bọ́lá Àjàṣẹ́

Wọn kò kọ ọ́.

Olùkọ́ Àgbà

Ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ojú rẹ̀. Mo mọ bàbá kan ní Ìmẹ̀kọ tí ó bá ẹgbẹ́ òṣèré rìn nígbà èwe rẹ̀. Bí mo bá kọjá sí ìhà ọ̀hún, mà á gbé e fún un wò.